Ẹ Má Fi Ojú Owó Wo Ìjà Òmìnira

Àwọn kan wà nínú àwọn olùkọ́ Yorùbá tí wọ́n gbà pé fíìmù Ìjà Òmìnira kò yẹ ní ohun tí à ń mú wọ kíláàsì. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò kò ju méjì lọ. Wọ́n ní owó tí a fi ṣe é kò tó, pé ogun inú rẹ̀ kò le tó ti fíìmù òyìnbó. Wọ́n tún ní ẹni tí ó bá ti ka ìwé Ọmọ Olókùn-Ẹṣin kò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹjọ́ méjèèjì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò ni ó sì ń jìyà rẹ̀.

Adébáyọ̀ Fálétí ni ó kọ ìwé náà. Ó jáde ní 1969. Ìtàn àwọn ará Òkè-Ògùn ni, tí wọ́n ti ń sìn títí ìsìn fi sú wọn, tí wọ́n sì dìde láti gba ara wọn. Kí ọdún 1980 tó dé, Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, àti Ọlá Balógun tí ó darí eré náà, ti sọ ọ́ di fíìmù. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ni wọ́n jọ ṣe Àjàní Ògún ní 1976.

Òótọ́ ni pé owó kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ eléré ìgbà náà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi í han ènìyàn nínú gbọ̀ngàn ìlú àti ti ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Eré orí ìtàgé ti kọ́ àwọn òṣèré wọ̀nyí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni í dá ogun sílẹ̀ kí idà tó yọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹṣin ń ṣe nínú fíìmù olówó, ohùn àti ìdúró òṣèré kan lè ṣe é.

Ousmane Sembène, ọmọ Senegal, fi irú èyí hàn ní 1971. Nínú fíìmù rẹ̀, Emitaï, àwọn ọmọ-ogun Faransé wá gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ará abúlé Diola nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn obìnrin kó o pamọ́. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ni ogun inú fíìmù náà. Ta ni ó ń bi Sembène léèrè iye ìbọn tí ó rà? Kí ló dé tí a fi ń bi Adé Love?

Ní ti ẹjọ́ kejì, ìwé kì í ṣe fíìmù. Fálétí kò fi ìtàn rẹ̀ sí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. Ohùn ju ẹyọ kan lọ ni òǹkàwé ń gbọ́. Fíìmù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ohun tí ojú lè rí ni ó ń fi hàn. Kí ni ó sọnù nínú ìyípadà yìí? Kí ni ó wọlé? Ṣé ìjà gbogbo ìlú ni ó kù lójú ìran ni, tàbí ìjà akọni kan? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ti kọ́ lámèyítọ́. Èyí tí ó há àkọsílẹ̀ olùkọ́ sórí kò tíì kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Fìdítì àti Ìlọrà ju bí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti rò lọ. Ìjàyè, tí Ìbàdàn gbógun tì láti 1860 títí ó fi fọ́ ní 1862, kò jìnnà sí ilẹ̀ Àfijìó. Síbẹ̀ ọmọ Fìdítì lè ka orúkọ àwọn akọni fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà, kí ó má mọ èyí tí a fi Yorùbá ṣe nípa Òkè-Ògùn, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ni kò fi hàn án.

Adé Love kú ní 1996. Fálétí kú ní 2017. Fíìmù a sì máa bàjẹ́ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń retí kí àjọ ìdánwò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìdúró yín ti pọ̀ jù. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá fíìmù náà, kí wọ́n fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka ìwé tán, kí wọ́n sì bi wọ́n ní ìbéèrè lé e lórí. Bí fíìmù náà kò bá kún ojú òṣùwọ̀n, kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.