Ikọ́ Tí Kò Gbọ́ Oògùn Ikọ́ Ife

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Aláìsàn ti ń wúkọ́ bí oṣù mẹ́ta, ó ti rù, ara rẹ̀ ń gbóná lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń tẹ̀ lé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jáde. Wọ́n ya ẹ́síréè àyà, wọ́n rí àbàwọ́n funfun nínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, wọn ò rí kòkòrò ikọ́ ife. Síbẹ̀, oògùn ikọ́ ife olóṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ fún un. Ìtọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí omi ọsàn, nítorí bí rifampicin, ọ̀kan lára oògùn náà, ṣe máa ń ṣe nìyẹn, gbogbo ilé sì gbà pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni yóò fi dárúkọ jẹjẹrẹ, àrùn ti dé egungun tàbí ọpọlọ.

Àwọn dókítà tó ń tọ́jú àyà ní Nàìjíríà mọ ìtàn yìí bí ẹni mowó, wọ́n sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀ léraléra. Ikọ́ ife pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí ju jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lọ fíìfíì, oògùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Kò sí ẹ̀bi nínú kí a kọ́kọ́ fura sí i. Ẹ̀bi ibẹ̀ ni kí a jókòó tì í nígbà tí kòkòrò kò hàn, tí ara kò sì yá. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Ó yẹ kó di dandan ní gbogbo ilé ìwòsàn pé ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ife láìjẹ́ pé wọ́n rí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, tí ikọ́ rẹ̀ kò dín kù nígbà tí oṣù kejì bá fi pé, kí wọ́n rán an lọ ya CT, kí wọ́n sì bu díẹ̀ lára ibi tí àbàwọ́n náà wà fún àyẹ̀wò.

Ìdí kan tí ọkàn kì í fi tètè lọ sọ́dọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni pé gbogbo ayé gbà pé àrùn àwọn tó ń mu sìgá ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti ọdún 1950 tí Richard Doll àti Austin Bradford Hill ti gbé ìwádìí wọn jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti hàn pé tábà ni baba ìsàlẹ̀ àrùn yìí, òfin tí Nàìjíríà sì ṣe lórí tábà lọ́dún 2015 dára, bí wọ́n bá lè máa mú un lò. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń yan ẹja ní Makoko, tí kò fi sìgá kan ẹnu rí, ń fa èéfín igi símú láti àárọ̀ dalẹ́. Èéfín tó ń mú ojú rẹ̀ ṣomi náà ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka èéfín igi ìdáná mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Lọ́dún 2013, wọ́n ka afẹ́fẹ́ ìgboro tó dọ̀tí mọ́ èyí tó dájú pé ó ń fà á. Lọ́dún 1981, onímọ̀ kan, Takeshi Hirayama, fi hàn ní Japan pé àrùn yìí ń pa ìyàwó ẹni tó ń mu sìgá ju ìyàwó ẹni tí kì í mu ún lọ. Èérún asbestos wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì radon tó ń ti inú ilẹ̀ àti àpáta jáde.

Àpá tí ikọ́ ife àtijọ́ fi sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró pàápàá máa ń dá kún ewu jẹjẹrẹ. Ẹni tó ti ní ikọ́ ife rí, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, yẹ lẹ́ni tí a ń yẹ̀ wò dáadáa, òun gan-an ló sì rọrùn jù láti dá padà sídìí oògùn àtijọ́.

Bí wọ́n bá wá rí i pé jẹjẹrẹ ni, ọ̀rọ̀ ò tíì parí, nítorí oríṣiríṣi ni. Bíi 15 nínú 100 jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì kéékèèké. Èyí ń yára tàn, àwọn tó ń mu sìgá ló sábà máa ń mú, iṣẹ́ abẹ kì í sì í sábà bá a mu. Oògùn cisplatin pẹ̀lú etoposide máa ń tètè mú un súnkì, àmọ́ ó sábà máa ń padà wá. Nínú àwọn tó kù, adenocarcinoma sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ létí ẹ̀dọ̀fóró, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí kò mu sìgá rí. Squamous ní tirẹ̀ máa ń fara mọ́ àwọn ọ̀nà atẹ́gùn ńlá láàárín àyà. Oògùn pemetrexed tó ń ran ẹni tó ní adenocarcinoma lọ́wọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ẹni tó ní squamous lọ́wọ́. Oògùn bevacizumab tilẹ̀ lè mú kí ẹni tó ní squamous máa pọ ẹ̀jẹ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́. Èsì àyẹ̀wò tó kàn sọ pé "jẹjẹrẹ ni" tí kò dárúkọ irú rẹ̀ kò tíì ṣe aláìsàn lóore.

Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ní Boston àti New York rí i pé àyípadà kan nínú jíìnì EGFR ló fà á tí oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ń jẹ́ gefitinib fi ń ṣiṣẹ́ gidi lára àwọn kan, tí kò sì ṣe nǹkan kan lára àwọn mìíràn. Oògùn oníhóró ni, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, nílé ẹni. Erlotinib àti osimertinib wà nínú ẹbí kan náà. Adenocarcinoma ni àyípadà yìí sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò mu sìgá rí ju àwọn tó ń mu ún lọ. Ìyẹn ni pé obìnrin tí wọn ò fura sí nítorí pé kò mu sìgá wà lára àwọn tí oògùn yìí lè bá mu jù. Pípàdánù irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ oògùn ikọ́ ife dunni wọra.

Àwọn kan yóò béèrè pé owó dà. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ń fi owó àpò ara wọn gba ìtọ́jú, pembrolizumab tó ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde sí jẹjẹrẹ sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi erlotinib sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémáàní láti ọdún 2019, àwọn ilé iṣẹ́ Íńdíà sì ń ṣe erlotinib àti gefitinib tí kò gbówó lórí tó ti àkọ́kọ́. Kí àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, NHIA, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: CT, àyẹ̀wò ẹran ara, àyẹ̀wò EGFR àti oògùn oníhóró méjì yìí.

Iṣẹ́ kan tún wà lọ́wọ́ ẹbí. Ẹran tí wọ́n ń bù nínú ẹ̀dọ̀fóró, yálà pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníná tí wọ́n ń tì gba imú tàbí ẹnu wọlé, tàbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn láti ìta, kì í sábà ju bíi hóró ìrẹsì lọ. Láàbù máa ń rì í sínú ìda títí tí yóò fi dì bíi búlọ́ọ̀kù kékeré, wọn á sì máa gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti wò ó. Búlọ́ọ̀kù yìí ṣeé tọ́jú fún ọdún púpọ̀, ó sì ṣeé fi ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn fún àyẹ̀wò EGFR láìtún gún aláìsàn. Ẹni tó bá ń gbé aláìsàn láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn, kó gba búlọ́ọ̀kù náà pẹ̀lú ìwé èsì, kó sì rí i pé wọ́n kọ irú jẹjẹrẹ náà sínú ìwé ọ̀hún kó tó kúrò níbẹ̀.