Ọ̀rọ̀ Ilé: Táyà Ẹ̀yìn Alùpùpù tí ń Ru Ẹrù

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fi alùpùpù rẹ̀ ru gàrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín. Ó ní táyà ẹ̀yìn òun ti jẹ tán, ojú rẹ̀ sì ti dán bí àwo. Ó wá ń bèèrè bóyá kí òun ra tókunbọ̀ tí ó lórúkọ, tàbí titun tí òun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, nítorí iye kan náà ni wọ́n pe àwọn méjèèjì. Ìbéèrè náà kàn mí ju bí ó ti mọ̀ lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi pẹ̀lú ra tókunbọ̀. Òǹtàjà náà fi ọwọ́ lu táyà náà, ó ní, “Bàbá, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wo bí ó ti jìn tó! Ọmọ yín kò lè tàn yín jẹ.” Lóòótọ́ ojú rẹ̀ jìn, ara rẹ̀ sì ń dán. Èmi tí mo ti ń fi ìwé kíkà àti ìwé kíkọ jẹun láti ogún ọdún, èmi kò ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Kò pé oṣù kan, nígbà tí èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú àpò gàrí kan ní ẹ̀yìn, táyà náà bẹ́ bí a ti kọjá Orù. Inú koríko ni mo bá ara mi, egungun ọrùn-ọwọ́ ìyàwó mi sì ṣẹ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó tún lè fi ọwọ́ náà rokà.

Fọkanáísà tí ó bá wa tú táyà náà ni ó ka ìwé tí n kò kà fún mi. “Bàbá, ẹ wo nọ́ńbà yìí.” Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin ni ó wà ní ìparí: 1114. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2014 ni a ṣe táyà náà. Ó ti lé ní ọdún 8 kí èmi tó sanwó rẹ̀! Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ a máa mú un le, a sì máa sán wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ohun dídán tí a fi pa á lára ni ó bo àwọn sísán náà mọ́ mi lójú. Àjọ SON, tí ń mójútó ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, sọ pé ọdún 4 ni kí a ka táyà sí láti ọjọ́ tí a ti ṣe é. Nítorí náà “titun” tí ó ti pẹ́ nínú àká kò sàn púpọ̀ ju tókunbọ̀ lọ.

Àwọn àgbà yóò rántí pé a ti ń ṣe táyà ní ilẹ̀ yìí rí, Michelin ní Port Harcourt, Dunlop ní Ìkẹjà. Michelin ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń wá. Àwọn oníṣòwò mìíràn a sì máa ki táyà kan bọ inú òmíràn, kí ọkọ̀ ojú omi lè gba púpọ̀. Wáyà tí ó wà ní etí táyà a sì ti wọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ fi ọwọ́ yí etí rẹ̀ ká: bí ó bá wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ni mo fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin wa farabalẹ̀ sí. Bí ó bá rí 90/90-18 51P ní ẹ̀gbẹ́ táyà, 90 àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. Èkejì ni pé gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá 90 nínú 100 fífẹ̀ náà. 18 ni ìwọ̀n rímù ní íńṣì. P ni eré tí kò gbọdọ̀ kọjá, kìlómítà 150 ní wákàtí kan, èyí tí kò kan arugàrí. Ṣùgbọ́n 51 kàn án gidigidi: kílò 195 ni ẹrù tí táyà náà lè gbà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti ọjọ́ tí a ṣubú. Alùpùpù, nǹkan bí kílò 110, èmi, 75, ìyàwó mi, 65, gàrí, 50. Ó di 300. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ bá tẹ táyà ẹ̀yìn, 200 nìyẹn. Táyà tí ó dára pàápàá kì bá ti rọrùn lábẹ́ wa, áḿbọ̀sì arúgbó táyà. Ẹni tí ó bá gbé àpò, kí ó má gbé èrò.

Atẹ́gùn pẹ̀lú ńkọ́? Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó a máa tẹ̀ wọlé ní gbogbo yíyí rẹ̀, ooru a sì mú inú rẹ̀ títí yóò fi bẹ́. Òwúrọ̀, kí a tó gùn ún, ni kí a fi géèjì wọ̀n ọ́n. Ìwé tí ó bá alùpùpù wá sì sọ iye tí ó yẹ fún ẹnì kan àti iye tí ó yẹ fún ẹni méjì.

Ìdáhùn mi rèé. Kí ó ra titun, bí nọ́ńbà mẹ́rin náà kò bá tíì pé ọdún méjì, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ti àtijọ́ mu. Orúkọ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Bí òǹtàjà bá kọ̀ kí ó kà á, kí ó lọ sí ìsọ̀ mìíràn. Ìyàwó mi ni ó ń ka tiwa nísinsìnyí, ó sì ti dá mi padà ní ìsọ̀ méjì. Kí ó fi tíúbù titun sí i, kí fọkanáísà sì kọjú ọfà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ibi tí táyà ń yí sí. Ara táyà titun a máa yọ̀, nítorí náà kí ó rọra gùn ún fún kìlómítà 150 àkọ́kọ́, kí ó má sì di gàrí sí i títí yóò fi rìn ín tán.