Ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnu àti etí: ẹ ṣírò rẹ̀ dópin

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, tí ọmọ yín bá fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB, tó ní òun kò ṣe lọ́yà, pé ìmọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti ìgbọ́ràn lòun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ṣé owó wà nídìí ìyẹn?” Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tó ń fi èrè ṣọ́ọ̀bù san owó iléèwé gbọ́dọ̀ mọ ibi tí owó rẹ̀ ń lọ. Ohun tó burú ni kéèyàn ti dáhùn kó tó wádìí.

Àwọn wo ni oníbàárà iṣẹ́ yìí? Àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì fọhùn, akólòlò, ẹni tí etí rẹ̀ ń di. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí ìgbọ́ràn wọn dín kù tó bílíọ̀nù 1.5 láyé, pé wọ́n sì lè tó bílíọ̀nù 2.5 nígbà tó bá fi di 2050. Ẹ wo ọjà tiwa náà: ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, káfíńtà tó ń fi ẹ̀rọ lagi, ẹni tó jókòó ti jẹnẹrétọ̀ látàárọ̀. Ariwo tó bá ju dẹ́síbẹ̀lì 85 lọ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ń ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ pátápátá kì í padà.

Oníbàárà wà, kò sí àríyànjiyàn. Iye ọdún ló ń tan òbí jẹ. Ní Amẹ́ríkà, dìgírì àkọ́kọ́ nìkan kò sọ ọmọ di ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ó gbọ́dọ̀ gba dìgírì kejì kó tó lè máa tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Ti etí tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, oyè dókítà ni, ó sì sábà máa ń gba ọdún mẹ́rin sí i. Ní Bìrìtìkó, dìgírì àkọ́kọ́ tí àjọ HCPC bá fọwọ́ sí tó láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Nílé níbí, Medical Rehabilitation Therapists Board, tí òfin 1988 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi iléèwé náà léèrè: ṣé olùkọ́ ni ọmọ yóò jẹ́ tó bá jáde, àbí olùtọ́jú tí Board yóò gbà? Ọdún mélòó ni gbogbo rẹ̀? Iléèwòsàn wo ni yóò ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́?

Ẹni tó ra ẹ̀rọ ìlọta tí kò ra ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ òwò. Ẹ má lé ọmọ náà kúrò nídìí iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n ẹ wá owó rẹ̀ dópin.