Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Ọkọ̀

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, ìdílé tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè ṣe aláìka iye epo tí ó ń jó. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nípa ibi tí ojú kì í sábà dé, èyíinì ni abẹ́ ọkọ̀.

Ẹni tí ó ti di agboòrùn mú nínú ìjì mọ agbára afẹ́fẹ́. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ a di ìlọ́po mẹ́rin: bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, bí a bá fi wé èyí tí ń sá 50. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń bá a jà, epo ni ó sì fi ń jà.

Kì í ṣe iwájú nìkan ni ìjà náà wà. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú. Bí ó bá sì kọlu ẹ́ńjìnnì, sàlẹ́ńsà àti táńkì epo níbẹ̀, a máa rú bí omi odò tí ń ṣàn láàárín àpáta, a sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bí abẹ́ náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ a kọjá ní ìrọ̀rùn. Ìdí nìyí tí àwọn ará Faransé fi ṣe abẹ́ Citroën DS ti ọdún 1955 ní títẹ́. Bátìrì tí a sì tẹ́ sábẹ́ Tesla Model S ti ọdún 2012 mú kí abẹ́ tirẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń lò, ike pẹlẹbẹ kan ni a fi bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí makánìkì bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, a tú u. Bí bóòtù rẹ̀ bá sì sọnù, a jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a ní kò wúlò. Ó wúlò: ó ń tọ́ afẹ́fẹ́ sọ́nà, ó sì ń dá ẹrẹ̀ dúró.

Àwa kò wí pé yóò sọ owó epo di ìdajì. Èrè rẹ̀ kéré, ẹ kò sì ní mọ̀ ọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìgboro. Ọ̀nà jíjìn, bí Èkó sí Ìbàdàn, ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni owó ń bá epo lọ.

A tún kìlọ̀: ike tí ó rọ̀ dirodiro sàn ju àìsí lọ lójú aláìmọ̀ nìkan, nítorí ó lè já lórí eré. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi pákó tàbí páálí dípò rẹ̀, nítorí sàlẹ́ńsà a máa gbóná, iná sì lè sọ.

Nítorí náà, bàbá tàbí ìyá tí ó bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ makánìkì, kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kí ó tó san owó.