Ìkọ̀gòsì Kò Lè Tan Iná Fún Wa



Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní sáà yìí, iná kú nígbà tí a ń múra iṣẹ́ tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ọjọ́ kejì. Bí a ti yí fìtílà kan ṣoṣo ká, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ará Èkìtì wí pé kò yẹ kí ìyà òkùnkùn máa jẹ wá, nítorí pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkọ̀gòsì nìkan tó láti tan iná fún gbogbo Nàìjíríà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, mo sì rí i pé àtẹ́wọ́ wa ti yá jù.

Òtítọ́ ni pé ooru ń bẹ nínú ilẹ̀. Níbi tí òkúta gbígbóná bá sún mọ́ òkè ilẹ̀, omi òjò tí ó wọ inú ilẹ̀ a máa gbóná rékọjá híhó. Bí a bá gbẹ́ kànga kàn án, ooru omi náà a tú jáde pẹ̀lú agbára, a sì yí ẹ̀rọ tí ń mú iná mànàmáná wá. Ní 1904, ní Larderello ní ilẹ̀ Ítálì, gílóòbù iná márùn-ún péré ni a kọ́kọ́ fi irú agbára yìí tàn. Lónìí, agbára irú iná bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé lé ní 15,000 mẹ́gáwáàtì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ì tí ì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iná tí ayé ń lò.

Kẹ́ńyà ni ó yẹ kí a wò. Ní 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kànga ìdánwò ní Olkaria, nínú Àfonífojì Ńlá. Kànga méjì àkọ́kọ́ kò mú ohun tí ó níláárí jáde. Ẹlòmíràn ìbá ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé! Ṣùgbọ́n wọ́n padà sí i, ní 1981 ẹ̀rọ kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 15 mẹ́gáwáàtì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 2008 ìjọba dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbẹ́ kànga ooru, kí àdánù kànga tí ó bá já sófo má baà pa oníṣòwò. Ní 2014 nìkan, wọ́n fi 280 mẹ́gáwáàtì kún un. Nísinsìnyí, iná láti inú ilẹ̀ sún mọ́ ìdajì gbogbo iná tí Kẹ́ńyà ń pèsè, ọ̀dá kò sì lè pa á bí ó ti ń pa iná orí odò. Síbẹ̀, wọ́n ṣí àwọn ìdílé Màsáì kan nípò nítorí iṣẹ́ náà, àwọn wọ̀nyí sì gbé ẹjọ́ wọn lọ síwájú Báńkì Àgbáyé. N kò ní fi èyí pamọ́.

Ìkọ̀gòsì wá ńkọ́? Omi rẹ̀ dára láti wẹ̀, ṣùgbọ́n kì í hó. Ti Wikki ní Yankari, ní Bauchi, kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 31 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tí ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kò lè yí ẹ̀rọ bí ti Olkaria. Ẹ̀yin ará Cameroon ni ẹ sún mọ́ ohun tí Kẹ́ńyà ní jù wá lọ, nítorí òkè yín yọ iná ní 1999 àti ní 2000.

Ṣé kí a káwọ́ gbera ni? Rárá o. Àwọn tí ń wa epo ti gbẹ́ ihò jíjìn púpọ̀ sí ilẹ̀ Nàìjíríà, bí ihò bá sì ti ń jìn tó ni ooru ń pọ̀ tó. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ìjọba kó àkọsílẹ̀ ooru ihò wọ̀nyí jọ, kí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì wa. Kí a wọn ilẹ̀ kí a tó ṣèlérí iná fún ará ìlú. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó dé ibí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ tí mo bá sọ fún pé Ìkọ̀gòsì yóò tan iná yóò gbà mí gbọ́, nítorí pé tíṣà ni mí.

Mo ti fi ìwé yìí han ọ̀rẹ́ mi ará Èkìtì. Ó ní òun yóò fèsì nínú ìtẹ̀jáde tí ń bọ̀.