Awò Tí Ó Dúró De Àkókò Rẹ̀

Mo ra lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ kan, ọmọ nǹkan bí àádọ́rin ọdún, mo sì fi etí aṣọ nù ún títí ó fi dán. Nígbà tí mo gbé e sójú fèrèsé, àwọ̀ àlùkò tí ó máa ń kọ mọ̀nà lójú dígí rẹ̀ ti bó láàárín. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀ṣọ́ lásán ni mo pè é, àfi ìgbà tí mo ka ìtàn rẹ̀.

Ìlú Jena ní ilẹ̀ Jámánì ni Carl Zeiss ti dá ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1846. Awò tí ń sọ ohun tíńtìntín di ńlá ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó ti kú ní 1888, kí awò kámẹ́rà tó di ọjà ilé-iṣẹ́ náà ní 1890. Paul Rudolph ni ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yẹn. Ní 1896, ó ṣe Planar: dígí mẹ́fà, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, bí ìbejì tí ń wo ara wọn. Àwòrán rẹ̀ mú láti àárín dé etí.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í gba ojú dígí kọjá láìsan owó ibodè. Níbikíbi tí afẹ́fẹ́ bá ti pàdé dígí, bí ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ni yóò ta padà, ibodè mẹ́jọ ni ó sì wà nínú Planar. Èyí tí ó ta padà náà kò lọ sílé. Ó ń gbá kiri láàárín àwọn dígí, títí yóò fi bo àwòrán bí ọyẹ́, tí dúdú yóò sì di eérú. Ní 1902, Rudolph kan náà gbé Tessar jáde: dígí mẹ́rin péré, a lẹ méjì pọ̀ nínú wọn, ibodè di mẹ́fà. Ó kéré, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ilé-iṣẹ́ náà sì ń pè é ní ojú idì. (Kí n má parọ́, èmi ṣì fẹ́ràn Tessar jù.) Planar wọ kọ̀rọ̀ lọ.

Ní 1935 ni Alexander Smakula, òṣìṣẹ́ Zeiss, rí ojútùú. Nínú àpótí tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, ó fi ìpele kan bo ojú dígí, ìpele tí ó fẹ́lẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà lójú ìpele náà àti èyí tí ó ta padà lábẹ́ rẹ̀ á wá pa ara wọn rẹ́. Díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ni àwọ̀ àlùkò tí mo nù dànù.

Ogun jà, ó parí, ilé-iṣẹ́ náà pín sí méjì: apá kan ní Jena lábẹ́ àwọn ará Rọ́ṣíà, èkejì ní Oberkochen ní ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí orúkọ. Ìwọ̀-oòrùn ni Planar ti jí, tí ó wọ inú Rolleiflex àti Hasselblad. Nígbà tí Stanley Kubrick ń ya fíìmù Barry Lyndon, tí ó jáde ní 1975, ó wá Planar kan tí wọ́n ṣe fún NASA, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó f/0.7. Nínú àwọn ìran kan, iná àbẹ́là nìkan ni ó tàn nínú yàrá, síbẹ̀ a rí ojú àwọn òṣèré.