Rọ́bà Tí Ó Nà Tí Kò Padà Mọ́

Ọ̀rọ̀ rọ́bà ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe fojú kékeré wò ó. Rọ́bà ni ó di sòkòtò ọmọ yín mú ní ìbàdí, òun náà ni ó wà létí fìlà tí ẹ ń dé sábẹ́ ìborùn.

Ẹni tí ó bá dé ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ ní ọjọ́ Àtàláátà, tí í ṣe ọjọ́ ọjà wọn, yóò rí aṣọ lóríṣiríṣi. Orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ kan tí ó wà ní Ìsọlọ̀ nígbà kan rí ni ọjà náà ń jẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa ìbàdí aṣọ náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá padà sí bí ó ti wà, ó dára. Bí ó bá dẹ̀ tí kò padà, agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ yọ owó rọ́bà tuntun àti owó télọ̀ kúrò nínú iye tí ẹ ó san.

Kí ni ó ń fa èyí? Nínú rọ́bà, àwọn okùn tín-ín-rín wà tí ojú kò lè rí, wọ́n lọ́ mọ́ra bí òwú tí ó ta kókó. Bí a bá fà wọ́n, wọn a nà. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn a tún ká jọ. Ní ọdún 1839, Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá fi imí ọjọ́ àti iná ṣe rọ́bà, àwọn okùn náà yóò so mọ́ ara wọn, wọn kò ní í yọ̀ kúrò lára ara wọn. Oòrùn líle àti ọjọ́ pípẹ́ ni ó ń ba okùn wọ̀nyí jẹ́. Nítorí náà, abẹ́ ibòòji ni kí ẹ máa sá aṣọ onírọ́bà sí.

Irin pàápàá ń nà. Ní ọdún 1678, Robert Hooke, ará Ìlú Ọba, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ẹrù ara sípíríǹgì bá di ìlọ́po méjì, nínà rẹ̀ náà yóò di ìlọ́po méjì. Ọgbọ́n yìí ni ó wà nínú òṣùwọ̀n tí àwọn ọlọ́jà ń fi kọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: bí ẹrù bá kọjá agbára sípíríǹgì, kò ní í padà sípò mọ́. Bí ọwọ́ òṣùwọ̀n kò bá dúró lórí òdo nígbà tí kò sí ohun kan lórí rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi í wọn ẹran fún yín.

Ti ọ̀rá tí a fi ń kó ọjà yàtọ̀. Okùn inú rẹ̀ ń yọ̀ kọjá ara wọn, wọn kì í sì í padà. Bí ẹ bá ń ru ọjà bọ̀ láti Òṣòdì, tí ẹ rí i pé ọwọ́ ọ̀rá náà ti fẹ́lẹ́, tí ó sì ń funfun, ó fẹ́ já nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ pín ẹrù náà sí ọ̀rá méjì.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀já ọmọ. Aṣọ tí ń nà bíi rọ́bà kò yẹ fún ọ̀já. Bí ìwúwo ọmọ bá ti ń fà á, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dẹ̀, ọmọ yóò sì máa yọ̀ sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ mọ̀. Aṣọ híhun tí ó ki ni kí ẹ lò. Ẹ fà á wò kí ẹ tó fi pọn ọmọ, kí ẹ sì tún un dì kí ẹ tó bọ́ sáàárín èrò.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.